Àkọ́pa Aalasi

"Dà á sí i dáadáa," ni Ọ̀gá Harlan wí láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ gbá itan. "Má fi ẹyọ kan sílẹ̀."

Leetia gbé ike omi tí wọ́n fi ń sọ aṣọ di funfun sókè. Òórùn rẹ̀ gún un nímú. Páálí yógọ́ọ̀tì, wàràkàṣì àti búrẹ́dì tí ọjọ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ló tò síwájú rẹ̀. Òfin ilé iṣẹ́ náà ni pé kí ó fi abẹ ya gbogbo wọn lójú, kí ó da omi yìí sí wọn, kí ọkọ̀ tó kó wọn lọ sí ààtàn. Bí àwọn ará ìlú bá ń rí oúnjẹ ọ̀fẹ́ he, ta ni yóò wá ra ti inú ṣọ́ọ̀bù? Bí Ọ̀gá Harlan ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyẹn lọ́jọ́ tó gbà á síṣẹ́, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i.

Láti ìgbà tí yìnyín orí òkun ti yọ́ nílùú wọn ní ìhà àríwá ayé ni Leetia ti ń ṣe é láìjanpata. Àmọ́ láàárọ̀ yìí, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Láàárọ̀ yìí náà ni Aalasi ọmọ rẹ̀ mu tíì lásán lọ sí iléèwé, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó di ikùn mú, tó ní, "Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí." Orúkọ ìyá Leetia tó ti kú ni wọ́n sọ ọmọ náà, nítorí náà "Ìyá mi" ni Leetia ń pè é, bí àṣà wọn ti rí. Kí èèyàn máa wo ìyá rẹ̀ bó ti ń lọ sí iléèwé pẹ̀lú ebi, kó sì wá síbi iṣẹ́ wá máa ba oúnjẹ jẹ́! Inú bí i débi pé ojú rẹ̀ ṣú.

Fóònù dún nínú ọ́fíìsì. Ọ̀gá Harlan wọlé lọ gbé e. Leetia ò dúró rò ó lẹ́ẹ̀mejì: ó da gbogbo omi inú ike náà sáàárín òkúta lẹ́yìn ilé, ó pa páálí dé láìfi abẹ kan ohunkóhun, ó sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ parí. Nígbà tí ọkọ̀ kó wọn lọ tán, ó yà sí kọ̀rọ̀, ó pe Nutaraq, àbúrò ìyá rẹ̀.

"Bàbá, èyí tí mo kó dànù lónìí mọ́. Ẹ lọ kó o."

"Ó mọ́ báwo?"

"Mi ò da nǹkan sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnì kankan o. Ẹ gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ọdẹ òkun ni Nutaraq, ṣùgbọ́n òkun kọ̀ kò dì lọ́dún yìí, afẹ́fẹ́ kò sì jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi kúrò ní èbúté, ká má tilẹ̀ sọ ti owó epo. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹran ti wọlé rẹ̀ kẹ́yìn. Síbẹ̀, ara rẹ̀ ò gbà á kí oúnjẹ wà lọ́wọ́ òun kí aládùúgbò má mọ̀. Nílùú yìí, ẹni tó bá pa séèlì, ẹran inú òkun tí wọ́n ń jẹ, ò tíì nu ọ̀bẹ tán tí yóò ti pe rédíò pé kí gbogbo ayé wá gé tiwọn. Ẹni tó bá pa oúnjẹ mọ́, olè ni. Ẹni tó bá sì gbà láìdárúkọ ẹni tó fún un, aláìmoore ni. Bí ó ti kọ́ Aalasi náà nìyẹn. "Ẹ̀gbọ́n mi" ni bàbá arúgbó yìí ń pe ọmọ ọ̀hún, nítorí orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú ló ń jẹ́. Ó ti ṣèlérí pé tí òkun bá dì, òun á mú un lọ pa séèlì àkọ́kọ́ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n gbọ́ o, ẹ̀gbọ́n mi, àkọ́pa ẹni kì í kan ẹni lẹ́nu. Gbogbo rẹ̀ pátá ni wàá fún èèyàn. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ rẹ á máa rí ẹran."

Ní ọ̀sán, èrò tò síwájú Leetia níbi tó ti ń gbowó, Ọ̀gá Harlan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń to bátìrì. Rédíò ìlú ń sọ̀rọ̀ lórí pẹpẹ bí ó ti máa ń ṣe. Ohùn Nutaraq jáde.

"Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Nutaraq ni. Oúnjẹ wà ní ààtàn, ó dáa, wọn ò da nǹkan kan sí i. Mo ti mú ìwọ̀nba tèmi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ kékeré, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Leetia ti ṣọ́ọ̀bù. Òun ló fún wa."

Gbogbo ojú yí sí Leetia. Ọ̀gá Harlan ò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n ó gbọ́ orúkọ.

"Kí ló sọ? Mo gbọ́ orúkọ ẹ."

Leetia tẹjú mọ́ ẹ̀rọ owó. Ìyá àgbà Ulaayu, tó di páálí tíì mú níwájú rẹ̀, ló dáhùn. "Ó ń kí i kú ọjọ́ ìbí ni."

"Ọjọ́ ìbí? O ò sì sọ fún mi!"

"Ó ti ń darúgbó," ni ìyá àgbà wí, "ìyẹn ló ṣe ń tì í lójú."

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan rọra dá búrẹ́dì rẹ̀ padà sórí pẹpẹ, ó jáde. Obìnrin kan gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀gá Harlan wo ojú fèrèsé, ó rí i pé ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà. Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó rí abẹ tí kò kúrò nínú àkọ̀. Ó padà wọlé. Ó fa ike omi náà mélòó kan yọ lára èyí tí wọ́n ń tà, ó mú abẹ, ó sì wọ ọkọ̀.

Leetia pe Nutaraq. Kò gbé e. Tó bá wà lórí alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin yẹn, kì í gbọ́ nǹkan kan. Ó pe ilé iṣẹ́ rédíò pé kí wọ́n sọ fún ìlú kí wọ́n má fẹnu kan án. Línì wọn ò ṣófo. Ó tún pè é, kò ṣófo. Lórí pẹpẹ, rédíò ń sọ ìdí rẹ̀: àwọn èèyàn ló ń pè lọ́kọ̀ọ̀kan láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Leetia. Ó fi ẹ̀rọ owó sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó sáré jáde láìwọ kóòtù.

Kò tíì sáré jìnnà tí ọkọ̀ Ọ̀gá Harlan fi ń bọ̀ lódìkejì. Ó ré kọjá lára rẹ̀ láìdúró. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn èèyàn ń padà bọ̀, wọ́n fi apá aṣọ bo imú. Nutaraq sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù rẹ̀.

"Ó ti bà á jẹ́. Ojú wa báyìí ló ṣe é."

"Bàbá, àwọn ọmọ iléèwé ńkọ́? Ìyá mi ńkọ́?"

"Mo rí ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n gba orí òkè wá. Ó gbé nǹkan kan mọ́yà, ó ń sáré lọ sílé."

"Kí ọkùnrin yẹn tó dé ni, àbí lẹ́yìn tó lọ?"

Leetia ò dúró gbọ́ èsì, ó sáré gba ọ̀nà ilé.

Orí àkàsọ̀ ilé kejì sí tiwọn ni Leetia ti bá Aalasi. Ike yógọ́ọ̀tì pupa wà lórí itan rẹ̀, ó ti ṣófo. Ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ikun sì dí i nímú bó ti máa ń dí i tí òtútù bá mú.

"Ìyá mi! O jẹ ẹ́? Sọ òtítọ́ fún mi!"

"Rárá o." Ojú ọmọ náà ń dán. Ebi ń pa á, ó hàn lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni inú rẹ̀ ń dùn. "Àkọ́pa mi ni. Mi ò tọ́ ọ wò rárá. Miali ni mo fún, ó ní ó ń ta òun lẹ́nu, mo ní kó jẹ ẹ́ tán, kí ọwọ́ mi lè máa rí ẹran."

Nínú ilé, Miali, ọmọ aládùúgbò wọn tí kò tíì tó iléèwé lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ìyá rẹ̀ kígbe.

Bàálù gbé Miali lọ sí ìhà gúúsù kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti bó. Ọ̀gá Harlan dé orí rédíò pẹ̀lú ògbufọ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ọmọ náà dun ilé iṣẹ́ àwọn dọ́kàn, ó sì rọ àwọn òbí kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọ wọn máa jẹun láàtàn. Wọ́n dá Leetia dúró nítorí pé ó fi ẹ̀rọ owó sílẹ̀ ní ṣíṣí. Àbúrò ìyá Miali ni wọ́n gbà rọ́pò rẹ̀, nítorí iṣẹ́ mìíràn ò sí nílùú. Òun ló ń da omi náà sí oúnjẹ báyìí.

Òkun dì níkẹyìn. Nutaraq mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ó di ìbọn mú pẹ̀lú Aalasi, ọmọ náà sì pa séèlì rẹ̀. Rédíò kéde rẹ̀. Ilé Leetia kún, wọ́n tẹ́ páálí sílẹ̀, wọ́n gbé ẹran lé e ní tútù bí wọ́n ti máa ń jẹ ẹ́, gbogbo wọn sì yọ ọ̀bẹ, wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń dúró kí ọmọ náà pín in. Ìyá Miali nìkan ni kò ṣẹ̀fẹ̀. Ó jókòó sẹ́bàá ògiri.

Aalasi gé ẹyọ kan nínú ẹ̀dọ̀. Kò na án sí ẹnikẹ́ni. Ó jù ú sẹ́nu.

"Éèwọ̀!" ni àwọn obìnrin ké.

"Ẹ̀gbọ́n mi!" Ohùn Nutaraq gbọ̀n. "Kí lò ń ṣe yẹn? Mo ti sọ fún ọ, kò gbọdọ̀ kàn ọ́ lẹ́nu!"

Ọmọ náà jẹ ẹ́, ó gbé e mì. Ó gbé ọwọ́ lé ọ̀fun ara rẹ̀, ó sì ń wo àwọn àgbàlagbà náà lójú.

"Ẹ ní sùúrù ná," ló wí. "Tí mi ò bá húkọ́, ẹ lè jẹ ẹ́."

Gbogbo wọn dúró tọ̀bẹtọ̀bẹ, wọ́n ń dúró dè é.