Ta Ló Ń Bá Màmá Eulalia Jẹun

Rubelio, ọmọ kan ṣoṣo tí Nicolasa bí, ti lọ. Ó fẹ́ fẹsẹ̀ gba aṣálẹ̀ kọjá sí Amẹ́ríkà. Ìgbà tó pè gbẹ̀yìn, ó ní àwọn ti sún mọ́ ààlà. Látìgbà yẹn, fóònù ò dún mọ́, ẹ̀rù ò sì kúrò lára ìyá ẹ̀.

Ni Nicolasa bá gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kò jẹ, kò mu. Arábìnrin Filomena, olórí àwọn obìnrin ìjọ wọn, ló wá fi àdúrà ṣí i, òun náà ló sì máa wá fi àdúrà tì í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí òkè Guatemala níbẹ̀ nìyẹn. Kí Filomena tó lọ, ó na ìka sí i pé tó bá fi nǹkan kan ẹnu kí òun tó dé, ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ ti já bọ́ nìyẹn, orí ọmọ ló sì máa já lé.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún ìyá tọ́mọ ẹ̀ wà lójú ọ̀nà. Nicolasa ti ara ẹ̀ mọ́ yàrá. Tó bá ṣèèṣì gbé itọ́ mì báyìí, àyà ẹ̀ á já, á ní àbí itọ́ náà wà nínú ẹ̀ ni.

Màmá Eulalia, ìyá ọkọ ẹ̀, wá wà nílé ìdáná. Màmá yìí kì í dá jẹun o. Látìgbà tọ́kọ màmá ti kú, Rubelio ló máa ń jókòó tì í nídìí iná, wọ́n á jọ fa tọ́tíyà, búrẹ́dì àgbàdo pẹlẹbẹ, ya, wọ́n á máa fi kó ẹ̀wà dúdú jẹ. Nígbà tọ́mọ lọ, Nicolasa bọ́ sípò ẹ̀. Ààwẹ̀ ló wá gbé òun náà kúrò níbẹ̀. Ó ń se oúnjẹ màmá kalẹ̀ ṣá, àmọ́ bó ṣe gbé e sílẹ̀ náà ló máa ń bá a.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ó gbọ́ gbì. Ó sáré jáde. Màmá wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán, ètè ẹ̀ ti gbẹ, ọwọ́ ẹ̀ tutù. Nicolasa gbé e jókòó, ó fi omi sí i lẹ́nu, ó gbé tọ́tíyà fún un, ó ń bẹ̀ ẹ́.

Màmá ní, “Bá mi jẹ ẹ́.”

“Màmá, mò ń gbààwẹ̀. Torí ọmọ yín ni.”

“Mo mọ̀. Mò ń gbọ́ ikùn ẹ láti yàrá. Ọlọ́run ló ní kí n kú kó tó dá ẹ lóhùn ni?”

Nicolasa ń rí Rubelio nínú iyanrìn, ó dojú délẹ̀. Ó tún ń rí ìyá arúgbó tó wà níwájú ẹ̀ yìí. Ó fa tọ́tíyà ya. Ó ní, “Olúwa, tó o bá máa bínú, èmi ni kó o bá jà. Fi ọmọ sílẹ̀.” Ó gbé e sẹ́nu, ó dà bí ìgbà tó ń gbé òkúta mì. Màmá ń wo ọ̀fun ẹ̀ títí ó fi lọ, lòun náà tó mú tiẹ̀.

Wọ́n ń jẹ díẹ̀díẹ̀, màmá ń sinmi láàárín, ló bá di ìrọ̀lẹ́. Bí Filomena ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn, Bíbélì lábíyá.

“Ìyá Rubelio, kí lo ń jẹ yẹn?”

“Tọ́tíyà ni, Arábìnrin. Màmá ò ní jẹun tí mi ò bá jẹ.”

Filomena ní gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́, àfi kó tún un bẹ̀rẹ̀, pé ó dáa tí nǹkan ò bá tíì ṣe ọmọ yẹn. Ó ṣì ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni fóònù dún.

Kò sẹ́ni tó mira. Nicolasa ní ibi tí wọ́n sọ ti dé nìyẹn.

Màmá ní, “Gbé e. Àbí kí n gbé e?”

Ó gbé e. Ariwo afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ gbọ́, kó tó wá gbọ́ ohùn ọmọ ẹ̀. Rubelio ní àwọn ò tíì kọjá, wọ́n kó àwọn pa mọ́ sínú ilé kan, ọ̀la làwọn máa wọ aṣálẹ̀, òun tọrọ fóònù ẹlòmíì pè ni. Ọmọ wá bi í pé, “Ìyá mi, ta ló ń bá Màmá àgbà jẹun?”

Nicolasa wo Filomena. Ó wo àwo.

“Èmi ni. A ṣì ń jẹun lọ́wọ́ báyìí.”

Fóònù já. Ọ̀la ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀rù náà ṣì wà níbẹ̀. Màmá fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó sọ́dọ̀ Filomena, ó ní tó bá fẹ́ gbàdúrà fún ọmọ náà kó jókòó, àmọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹ̀wà tutù.