Láàárín Kù àti Kú

Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá dá sílẹ̀ ní Kakuri, ní ìlú Kàdúná, lẹ́bàá ilé-iṣẹ́ aṣọ tí wọ́n ti tì pa, ni Ọláfúnkẹ́ ti ń ṣe olùrànlọ́wọ́ olùkọ́. Ìlú Òyìnbó ni wọ́n bí i sí. Kò gba owó oṣù, tinútinú ni ó fi wá. Ó mọ̀wé, ó sì fẹ́ràn ọmọ, ṣùgbọ́n bí ó bá ń sọ Yorùbá, kì í mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀. Bí ó bá ní kí wọ́n mú ọkọ́ wá láti fi ro ọgbà, àwọn ọmọ a bú sẹ́rìn-ín: "Àǹtí, ọkọ ta ni kí á mú wá?"

Ìyáàfin Morọ́láyọ̀, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, kì í bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Ọláfúnkẹ́, àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Egungun ọ̀rọ̀ ni."

"Ẹ má bínú, mà. Mò ń kọ́ ọ."

Ọmọ kan wà tí kì í fi í ṣẹ̀sín: Raodah, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìyá rẹ̀ ti kú ní àsìkò òjò tí ó kọjá. Òun àti bàbá rẹ̀, Jàmàlúdéènì ará Ìlọrin, tí ń fi kẹ̀kẹ́ Màrúwá kó èrò, ni wọ́n jọ ń gbé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìròyìn kàn pé ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ lódìkejì odò. Ará Kàdúná kì í dúró wádìí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀; ojú wọn ti rí i rí. Àwọn òbí ya dé láti kó ọmọ wọn. Ìyáàfin Morọ́láyọ̀ dúró lẹ́nu géètì, ó ń fa ọmọ lé òbí lọ́wọ́. Ọláfúnkẹ́ ń ṣọ́ àwọn yòókù ní kíláàsì. Nígbẹ̀yìn, Raodah nìkan ni ó jókòó níbẹ̀.

Ọ̀gá ké láti géètì: "Ọláfúnkẹ́! Òbí ta ni kò tíì dé?"

"Bàbá Raodah nìkan ló kú, mà!"

Ohun tí ó fẹ́ wí ni pé bàbá náà ni ó kù tí wọ́n ń retí. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń fẹ́. Ohùn òkè ni ó fún un.

Ọ̀gá ká ọwọ́ lérí. "Jàmàlúdéènì kẹ̀? Ta ló sọ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, mà. Mo rí i fúnra mi."

Ìdáhùn yìí ni ó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ Raodah létí. Ó dìde, ó sáré kọjá lábẹ́ apá ọ̀gá, ó bọ́ sí títì, ó sì doríkọ ọ̀nà afárá.

"Kí lo fẹ́ wí gan-an?"

"Pé bàbá rẹ̀ là ń retí, mà!"

"Áà! O ti fi ẹnu pa alààyè. Sáré!"

Wọ́n lé e láàárín ọkọ̀ àti kẹ̀kẹ́ tí ń sá relé. Jàmàlúdéènì, tí ó ti ń bọ̀ wá mú ọmọ rẹ̀, ni ó kọ́kọ́ rí i láàárín títì. Ó fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dínà mọ́ bọ́ọ̀sì kan tí ń bọ̀ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ náà, kí ó má baà gbá a. Nígbà tí àwọn olùkọ́ fi dé ibẹ̀, ó ti gbé e mọ́ra. Raodah ń fi ọwọ́ méjèèjì tọ́ ojú bàbá rẹ̀ wò, bí afọ́jú.

"Mọ́mì, kí ló dé? Ta ló lu ọmọ mi?" ni bàbá náà bi ọ̀gá.

"Kò sẹ́ni tó lù ú, Bàbá Raodah. Wọ́n sọ ọ́ létí rẹ̀ pé ẹ ti kú."

"Subhanallahi! Ta ni?"

Ọláfúnkẹ́ kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà títì. Ó ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì tọrọ àforíjì nígbà tí ọ̀gá dá a lẹ́kun.

"Yorùbá lo fi ṣá a lọ́gbẹ́. Yorùbá náà ni kí o fi bá a sọ̀rọ̀."

Ọláfúnkẹ́ kọjú sí ọmọ náà. "Raodah, bàbá rẹ kò kú. Èmi ni mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ."

Gbogbo ohùn bọ́ sí ipò wọn.

"Na gani," ni ọmọ náà fi Háúsá dáhùn: ó ti rí i pé bàbá òun wà láàyè.

"Dìde, ọmọ mi," ni Jàmàlúdéènì wí fún Ọláfúnkẹ́. "A dúpẹ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀."

Ó fẹ́ gbé Raodah sẹ́yìn, níbi tí èrò ń jókòó, ṣùgbọ́n ọmọ náà kọ̀. Bàbá rẹ̀ sún díẹ̀ lórí ìjókòó awakọ̀. Ọmọ náà há ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi apá gbá a mú níbàdí, wọ́n sì lọ. Raodah kò bojú wẹ̀yìn.