Mú Un Bí Tìẹ

"Ta ló bá mi tún síìpù gáùn yìí ṣe?"

Àyà Ìyá Áyọ́ọ̀nù já pàì. Ó rọra gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná nàró, ó yọjú síwájú ṣọ́ọ̀bù. Gáùn aláwọ̀ ewé tí màmá oníbàárà gbé dání yìí gan-an ni òun fúnra rẹ̀ wọ̀ lọ síléèwé ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, kó tó fọ̀ ọ́, kó sì tún lọ̀ ọ́. Yéè, ó parí!

Ọ̀gá tó ni ilé ìfọṣọ náà ti sáré débẹ̀. Bí-Tìẹ làwọn òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn, torí pé láràárọ̀ ló máa ń pariwo mọ́ wọn pé, "Aṣọ oníbàárà, mú un bí tìẹ!"

"Àwa náà ni, mà," ni ọ̀gá wí, ó ń ṣe fáàrí.

"Mo ti fẹ́ sọ gáùn yìí nù tẹ́lẹ̀. Ẹ bá mi pe ẹni náà, kí n dì mọ́ ọn."

Bó bá jẹ́ òpùrọ́ ni Ìyá Áyọ́ọ̀nù ni, ì bá gba ọpẹ́ kó panu mọ́. "Èmi ni, mà. Ẹ má bínú. Síìpù yẹn ni ò jẹ́ kí n lè wọ̀ ọ́, ni mo ṣe tún un ṣe."

"O wọ kí ni?" Ọ̀gá figbe ta.

"Wọ́n fẹ́ fún ọmọ mi lẹ́bùn níléèwé, ọ̀gá. Mo tọrọ àyè kí n lọ wá aṣọ, ẹ ní iṣẹ́ ò tíì tán. Aṣọ gbogbo ayé ń dán lọ́wọ́ mi, tèmi rún wómúwómú. Mi ò fẹ́ kójú ti ọmọ mi. Ẹ̀yin náà lẹ sáà ní ká mú un bí tiwa."

Màmá bú sẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. "Ó yẹ ọ́ ṣá?"

"Ó yẹ mí gan-an, mà! Ọmọ mi ní mo dà bí ìyàwó tuntun."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà míì, kó o kọ́kọ́ bi mí o."

Nígbà tí màmá lọ tán, Ìyá Áyọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ báàgì rẹ̀ mọ́.

"Níbo lò ń lọ?" ọ̀gá bi í.

"Ṣé ẹ ò ní lé mi ni?"

"Lé ta? Ohun tó o ṣe ò dáa, má dán an wò mọ́. Ṣùgbọ́n èmi náà ò bi ọ́ léèrè rí pé kí lo máa wọ̀. Látòní lọ, gbogbo ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹ máa kó aṣọ tiyín náà wá síbí, ká máa bá yín lọ̀ ọ́. Tìẹ dà?"

Kó tó dáhùn, ọ̀gá ti yọ búláòsì tí Ìyá Áyọ́ọ̀nù máa wọ̀ relé lórí ìṣó, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó sì gbé áyọ́ọ̀nù lé apá búláòsì náà. Inú Ìyá Áyọ́ọ̀nù dùn débi pé omi lé sójú rẹ̀. Àfi bó ṣe gbóòórùn aṣọ tó ń jóná.

"Ọ̀gá! Èéfín ń rú o! Ẹ dákun, ẹ mú un bí tiyín!"