Súìtì Mẹ́rin Létí Àwo

Alágbàfọ̀ ni ìyá àgbà ọmọ kan tí wọ́n ń pè ní Labalábá. Gbogbo àdúgbò ló ń kó aṣọ wá fún un, òfin kan ló sì wà lẹ́nu rẹ̀: àwọ̀ ò gbọdọ̀ pàdé àwọ̀ nínú omi. Bẹ́ẹ̀, obìnrin tó ń fọṣọ gbogbo ayé yìí, ṣẹ́ẹ̀tì búlúù kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná rẹ̀ tí kò fọ̀ rí. Ti ọmọ rẹ̀ ni, bàbá Labalábá, tó kú nígbà òjò. Òórùn rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ẹni tó bá lè dá a lẹ́bi kó dá a lẹ́bi. Èmi ò lè ṣe é.

Labalábá náà ní tirẹ̀. Súìtì mẹ́rin ló kù nínú èyí tí bàbá rẹ̀ rà gbẹ̀yìn. Ó dì wọ́n sínú bébà, kò jẹ wọ́n, kò fún ẹnikẹ́ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n bá èèrà nídìí wọn, ọmọ bú sẹ́kún.

“Èèrà máa jẹ ẹ́ tán báyìí,” ni ìyá àgbà wí. “Wá, jẹ́ ká wo ohun tí àwọn súìtì yìí lè ṣe nínú omi.”

“Ṣé wọn ò ní tán?”

Ìyá àgbà kì í purọ́ fọ́mọ. “Wọ́n á tán, ọkọ mi.”

Ó pẹ́ kí ọmọ náà tó gbà. Wọ́n to súìtì sétí àwo funfun: pupa, búlúù, àwọ̀ ewé, yẹ́lò. Ìyá àgbà rọra da omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sáàárín, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn.

“Má mi àwo o.”

Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó jókòó sínú omi. Ilé pa rọ́rọ́. Àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jí. Pupa ń yọ́ bọ̀, búlúù ń yọ́ bọ̀, wọ́n pàdé láàárín, kálukú dúró sí ààlà tirẹ̀. Alágbàfọ̀ tó ti ń bá àwọ̀ jà látìgbà èwe kò mọ̀ pé béèyàn bá jọ̀wọ́ rẹ̀, ó lè lẹ́wà tó báyìí.

Súìtì funfun báláú. Labalábá ti ìka bọ omi, ó lá a.

“Ó ṣì dùn.”

“Inú omi ló lọ. Kò sọnù.”

Ọmọ náà wo àwo títí, ó wá wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

“Màmá àgbà, tiyín ńkọ́?”

Ọ̀rọ̀ náà ká ìyá àgbà mọ́. Ó lọ já ṣẹ́ẹ̀tì náà bọ́ sílẹ̀, ó fi ọrùn rẹ̀ bo imú, omijé ń dà. Ó da ìyókù omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sínú bàsíà, ó rì í síbẹ̀ láìfi ọṣẹ sí i. Àwọn méjèèjì lóṣòó tì í. Nígbà tó yá, búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ láti ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì náà.

“Ó ń jáde,” ni Labalábá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Jẹ́ kó máa jáde.”

Kò sẹ́ni tó mi omi náà nínú wọn.