Fọ́tò Sùtánà Bàbá Adéníran

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí fóònù Ṣemílọ́rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dún láìdákẹ́, ó kọ́kọ́ rò pé ayọ̀ ló dé. Ta ni kò ní rò bẹ́ẹ̀? Oṣù mẹ́rin gbáko ló ti ń kọ búlọ́ọ̀gì nípa sùtánà tó ń rán ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Okokomaiko, òun àti Lará àbúrò rẹ̀ nìkan ni wọ́n sì jọ ń kà á níbẹ̀rẹ̀. Lará ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ọmọ yunifásítì ni Lará, kì í sì í pọ́n ẹnikẹ́ni lé tó bá di ọ̀rọ̀ ìwé.

"Sístà mi, ẹ yé kọ ọ́ pé ẹ ń rán aṣọ tó dáa lówó pọ́ọ́kú," ló sọ lọ́jọ́ kan. "Gbogbo télọ̀ Ìyànà Ìbà ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ nǹkan tí ẹ̀yin mọ̀ tí wọn ò mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ṣemílọ́rẹ, àmọ́ ó gbọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìdí tí abíyá aṣọ funfun fi ń pọ́n, bí a ṣe ń po búlúù kó má baà ṣe aṣọ ní tó-tò-tó, àti bí a ṣe ń wọn àgbàlagbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń tẹ̀, kí etí aṣọ má baà ká sókè lẹ́yìn bó bá ń lọ síwájú pẹpẹ. Àwọn èèyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Obìnrin kan kọ̀wé láti Àgbádárìgì, òmíràn láti Kútọnu. Iṣẹ́ ń wọlé díẹ̀díẹ̀, orí Ṣemílọ́rẹ náà ń wú díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́.

Orí wíwú yẹn ló jẹ́ kó gbé fọ́tò sùtánà Bàbá Joshua Adéníran jáde nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú.

Wẹ́dà ni Bàbá Adéníran ní Ajángbádì. Ìjọ kan náà ni wọ́n jọ ń lọ pẹ̀lú Ṣemílọ́rẹ, Ìjọ Ìmọ́lẹ̀ Àánú, àwọn aláṣọ funfun. Ọdún mẹ́rìnlá ni bàbá yìí ti wà lójú oyè kan náà nínú ìjọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìfòróróyàn ti fò wọ́n. Àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ ní orin ti di alàgbà lójú wọn, bàbá sì ń kí wọn kú oríire. Lọ́dún yìí, Olùṣọ́ Bọ́lájí, olórí ìjọ, pè wọ́n sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní kí wọ́n lọ rán sùtánà alàgbà. Bàbá gbé aṣọ náà wá fún Ṣemílọ́rẹ nínú àpò símẹ́ńtì, bí ẹni tó gbé nǹkan tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àmọ́ òfin kan wà ní Ìjọ Ìmọ́lẹ̀ Àánú. Ẹni tí wọ́n bá pè sí kọ̀rọ̀ báyìí kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni àfi télọ̀ rẹ̀. Ojú ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kan aṣọ náà kí orúkọ tó jáde lẹ́nu Olùṣọ́ lọ́jọ́ òróró. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá ṣáájú òróró, agbéraga ni, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀. Télọ̀ tó bá sì tú àṣírí, ìjọ kì í tún gbé aṣọ fún un mọ́, láti Ìbà títí dé Ọ̀jọ́. Ṣemílọ́rẹ mọ òfin yìí bó ṣe mọ ilé bàbá rẹ̀.

Ó sì ṣọ́ra, lójú ara rẹ̀. Kò ya gbogbo aṣọ. Ọrùn nìkan ló yà, ó ṣí i sílẹ̀ kí àwọn òǹkàwé lè rí bó ṣe fi aṣọ líle tẹ́ inú rẹ̀ kó lè dúró. Ohun tó gbàgbé ni àṣà ọwọ́ ara rẹ̀. Nítorí pé funfun ni gbogbo aṣọ ìjọ, tí wọ́n sì máa ń gbé ti ara wọn lọ sílé, ó máa ń fi òwú kọ orúkọ oníbàárà sínú ọrùn aṣọ. Ó ti ń kọ ọ́ pẹ́ débi pé ojú rẹ̀ kì í rí i mọ́. Alàgbà J. Adéníran. Gbàgàdà ló wà láàárín fọ́tò.

"Ẹ kú oríire, Bàbá wa! Ìgbà yín dé!" ni ẹni àkọ́kọ́ kọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kejì béèrè pé, "Ṣé wọ́n ti ka orúkọ ni?"

Ìgbà náà ni Ṣemílọ́rẹ tó rí orúkọ náà. Ó pa fọ́tò rẹ́, ó pa gbogbo ọ̀rọ̀ tó kọ sí i rẹ́, ó tún pa fóònù fúnra rẹ̀, bí ẹni pé ìyẹn á mú kí ayé gbàgbé. Lará ló wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

"Wọ́n ti gbé e sórí Wasáàpù ìjọ, sístà mi. Ẹgbẹ̀rin èèyàn ló ti kà á láti àná. Ẹ ò kọ èyí tí wọ́n kà tó bẹ́ẹ̀ rí."

Ohun tí Ṣemílọ́rẹ ti ń gbàdúrà fún láti oṣù mẹ́rin nìyẹn. Ó jókòó ti máṣíìnì rẹ̀, kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Epa ò bóró mọ́.

Ó wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí Ajángbádì. Bàbá Adéníran ń jó irin géètì kan pọ̀ lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe rí i, wọ́n pa iná, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Iná wẹ́dà ti bá ojú wọn jà tipẹ́. Wọn kì í ka nǹkan lórí fóònù. Wọn kò tíì gbọ́ nǹkan kan.

"Ọmọ mi, ṣé o ti parí ẹ̀?" Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo ti ń fi ìkúnlẹ̀ dánra wò nílé o. Orúnkún yìí kì í tètè gbọ́ràn. Mi ò fẹ́ kí n kúnlẹ̀ tán kí wọ́n wá máa fà mí dìde lójú ìjọ."

Ṣemílọ́rẹ ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu láti Okokomaiko. Gbogbo rẹ̀ tú ká. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tó kún fún èérún irin, ó sì sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Bàbá bọ́ awò dúdú lójú, wọ́n ń nù ún.

"Èèyàn mélòó ló rí i?"

"Ẹgbẹ̀rin, sà."

"Ẹgbẹ̀rin." Wọ́n ń nu awò lọ. "Lọ sílé. Má bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ bá Olùṣọ́. Màá sọ pé èmi ni mo fà á, pé ẹ ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

"Mo ní kó o máa lọ sílé, Ṣemílọ́rẹ."

Ó lọ sílé. Ohun tó sì ń dá a lóró lọ́nà nìyí: ara tù ú. Nígbà tí bàbá ní kó dákẹ́, ara tù ú, torí ó ti rí i lọ́kàn bí àwọn èèyàn á ṣe máa kó aṣọ wọn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ara rẹ̀ tì í. Gbogbo ohun tójú rí kọ́ lẹnu ń sọ. Kò lè sọ èyí fún Lará pàápàá.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹnì kan bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, á rò pé ẹni náà wá kó aṣọ rẹ̀ lọ ni. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó múra, ó dé ẹnu géètì Olùṣọ́ Bọ́lájí. Ó na ọwọ́ láti kan ilẹ̀kùn. Ajá kan gbó nínú ilé, ó sì fi ti ajá náà ṣe àwáwí, ó padà. Ó ń gbàdúrà pé kí Olùṣọ́ má tíì rí fọ́tò náà, pé kí wọ́n ka orúkọ bàbá, kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ òróró, pé. Bàbá Adéníran jókòó síwájú nínú sùtánà wọn àtijọ́. Olùṣọ́ Bọ́lájí tú ìwé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ. Ṣemílọ́rẹ di etí àga mú. Wọ́n ka ọ̀kan, wọ́n ka èjì, wọ́n ka ẹ̀ta. Lẹ́yìn orúkọ kẹfà, wọ́n ká ìwé náà sínú àpò láìdárúkọ Bàbá Adéníran. Àwọn mẹ́fà lọ kúnlẹ̀. Bàbá Adéníran ló kọ́kọ́ dá orin fún wọn, ohùn bàbá sì dúró ṣánṣán.

Bí ìsìn ti parí, àwọn obìnrin yí Ṣemílọ́rẹ ká lágbàlá. Gbogbo wọn ló ti ka búlọ́ọ̀gì. Ìyá Rebecca, olórí àwọn obìnrin, gbá a lápá mú.

"Ìwọ lò ń kọ ọ̀rọ̀ abíyá aṣọ yẹn? Èmi lò ń bá wí o! Wá wọn mí, wá rán tèmi." Àwọn tó kù ń pariwo pé tiwọn náà ńkọ́.

"Mà, ṣé Olùṣọ́ ò bínú sí mi?"

"Wọ́n á ṣe bínú sí ọ? Bàbá Adéníran ti lọ bá wọn láti ọjọ́ Ẹtì. Bàbá ní àwọn làwọn fi agídí ní kó o gbé e jáde, pé o kọ̀, pé àwọn ò gbà. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, wọ́n ń tọrọ àforíjì fún ọ."

Ṣemílọ́rẹ já apá rẹ̀ gbà, ó sáré. Ó bá bàbá nítòsí ògiri, níbi tí wọ́n ti ń gbọn iyanrìn kúrò lẹ́sẹ̀. Ó kúnlẹ̀, omijé kò jẹ́ kó ríran.

"Bàbá, ẹ ṣe purọ́ mọ́ra yín? Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ òtítọ́ báyìí."

"Dìde, aṣọ rẹ ń dọ̀tí." Wọ́n dúró títí ó fi dìde. "Ọdún mẹ́rìnlá ni mi ò ti jẹ alàgbà, mò ń jẹun, mò ń sùn. Ìwọ, oṣù mélòó lo lè gbé láìrí aṣọ rán?"

Ṣemílọ́rẹ gbé ẹsẹ̀ kan bí ẹni tó fẹ́ lọ.

"Tèmi ti bọ́ ná. Tó o bá lọ, tìẹ náà á bọ́, kò sì ní dá tèmi padà. Àwọn oníbàárà ẹ ń pè ọ́."

Lóòótọ́, Ìyá Rebecca ń pè é. Ṣemílọ́rẹ wo ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Olùṣọ́. Ó ṣí sílẹ̀, kò sì sí ajá kankan níbẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀. "Mà," ló dáhùn, ó sì padà lọ wọn èjìká Ìyá Rebecca.