Ẹ̀rín Inṣi Mẹ́rin

"Láti ọjọ́ tí mo ti di alábòójútó níbí, ẹnikẹ́ni ò fiṣẹ́ sílẹ̀ rí," ni Ọ̀gá Téèpù wí fún Ìyá Oníléeṣẹ́ lórí fóònù. "Télọ̀ wa kan kú lọ́jọ́ Ẹtì, mà, wọ́n sin ín lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, òun ló kọ́kọ́ dé! Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara ẹ̀ nù, ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ mi dà?'"

Ìyá Oníléeṣẹ́ fèsì: "Ó dáa. Mò ń bọ̀ wá kí i lọ́la. Ṣùgbọ́n tí mo bá bá àga kan lófìfo, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ nìyẹn."

Ọ̀gá Téèpù gbé fóònù sílẹ̀, ó wẹ̀yìn. Àga kún yàrá ìránṣọ náà bámú, àmọ́ ìdí kan ṣoṣo ló wà lórí gbogbo wọn: ìdí Ìyá Olóbọ́tìnì, tó ń rán bọ́tìnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì jẹ́ẹ́jẹ́.

Kí ló lé àwọn yòókù? Ọgbọ́n Ọ̀gá Téèpù ni. Ó gbọ́ níbì kan pé ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa wọn bí inú òṣìṣẹ́ ṣe dùn tó. Wíwọ̀n kẹ̀? Ta ni yóò kọ́ télọ̀ ní wíwọ̀n! Láràárọ̀, yóò tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà, yóò ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, yóò sì na téèpù láti igun ẹnu kan dé ìkejì. Ẹni tí ẹ̀rín rẹ̀ kò bá pé inṣi mẹ́rin, kò ní jókòó nídìí fáànù. Ó tún fi pákó àti ìṣó kan fèrèsé pa, kí ìta má baà wù wọ́n. Nígbà tí wọ́n ké pé ooru ń pa àwọn, ó ní ooru ìfẹ́ iṣẹ́ ni. Ni wọ́n bá ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíràn ò tiẹ̀ dúró yọ abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá Olóbọ́tìnì, ẹ gbà mí o!"

"Ṣí fèrèsé."

"Gbogbo ọ̀rọ̀ yín kò ju fèrèsé lọ!"

"Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́, ìwọ ni o ò gbọ́. Báàgì tèmi náà ti wà léjìká o."

Inú sítọ̀ ni Ọ̀gá Téèpù gbà lọ. Ó kó àwọn ọmọlangidi tí wọ́n fi ń pàtẹ aṣọ jáde, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ fún wọn, ó gbé wọn jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì ya ẹ̀rín sí wọn lẹ́nu. Ó wọ̀n wọ́n. Inṣi mẹ́rin géérégé! Inú òṣìṣẹ́ kan ò dùn tó báyìí rí.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Oníléeṣẹ́ wọlé. "Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Ìyá Olóbọ́tìnì nìkan ló dáhùn. Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín.

"Mo kí èèyàn, wọn ò dá mi lóhùn?"

"Iṣẹ́ ló wọ̀ wọ́n lára, mà. Tí òrùlé bá já lé wọn lórí, wọn ò ní gbójú sókè."

"Wọn ò mà ṣẹ́jú."

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ojú ṣíṣẹ́ ṣe nígbà tí iṣẹ́ wà ńlẹ̀, mà?"

"Èyí tó tinú sàréè dé ńkọ́?"

Ọ̀gá Téèpù nàka sí èyí tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìyá Oníléeṣẹ́ lọ bá a, ó dì í lọ́wọ́ mú. "Ẹ kú ìrìnàjò o." Ó mi ọwọ́ náà tìfẹ́tìfẹ́. Pọ́ọ̀! Apá já láti èjìká, ó ń fì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ... ẹ rí i, mà," ni Ọ̀gá Téèpù wí, "kò sóhun tí kò lè fún ilé iṣẹ́ yìí."

Ìyá Olóbọ́tìnì bú sẹ́rìn-ín. Ó rín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Irú ẹ̀rín yẹn, téèpù ayé kan ò lè wọ̀n ọ́n.

Ìyá Oníléeṣẹ́ fa téèpù yọ lọ́rùn alábòójútó. "Ìwọ náà, rẹ́rìn-ín kí n wọ̀n ọ́." Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n bí ìrù ewúrẹ́. "Kò pé inṣi kan. Àwọn èèyàn mi dà?"

Ọ̀gá Téèpù wo ẹnu ọ̀nà: Ìyá Oníléeṣẹ́ ló dí i, apá ọmọlangidi lọ́wọ́ bíi kùmọ̀. Ló bá sáré, ó forí já fèrèsé, pákó, ìṣó, gbogbo ẹ̀ ló fò jáde pẹ̀lú rẹ̀. Atẹ́gùn rọ́ wọlé fìì.

Ìyá Olóbọ́tìnì gbé báàgì kúrò léjìká, ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó yọrí sójú fèrèsé.

"Ọ̀gá, ẹ ṣé o! Ẹ kúkú ti ṣí i!"

Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Téèpù ti yà ní kọ́nà.