Ọjọ́ Kan Ṣoṣo Tí Yísà Ṣe Sùúrù

Ọjọ́ kẹta tí Wàsílátù kó kúrò nílé ni Yísà, ajórin ní Rumuokwuta, wọ kéké lọ sí àdúgbò D-Line, sílé Bàbá Ọbáfẹ́mi, olórí àwọn Yorùbá ibẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá yìí ni Wàsílátù ìyàwó rẹ̀ sá sí pẹ̀lú Bilkis, ọmọ wọn. Ó fẹ́ mú wọn relé. Ẹ̀rù ń bà á.

"Bàbá, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Onísùúrù èèyàn ni mí. Gbogbo ayé ló mọ̀."

Wàsílátù fa ìbòrí bo ojú rẹ̀ tó wú.

Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni bàbá ṣe fẹ̀yìn tì. Kì í gba ọ̀rọ̀ tí kò ní ọjọ́. "Onísùúrù, mo ti gbọ́. Mú ọjọ́ kan wá tó o ṣe sùúrù."

Ọjọ́ kan péré? Yísà la ẹnu. Ó wá inú ara rẹ̀ bí ẹni ń táràrà nínú òkùnkùn. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ digbí: onísùúrù. Ìyá rẹ̀ ló máa ń wí bẹ́ẹ̀ fún àlejò láti kékeré rẹ̀, pé Yísà òun kì í bínú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó tì í lẹ́yìn dà? Òfìfo ni.

"Àbí sùúrù náà kò bá ọ wọ kéké ni?" ni bàbá wí.

"Ẹ jẹ́ kí n bá wọn wá a," ni Wàsílátù wí. "Ọjọ́ Iléyá, ìgbátí nítorí iyọ̀ ọbẹ̀. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ Memunat, ọmọ àbúrò mi. Mọ́ńdè tó kọjá…"

"Mo ti rántí!" Yísà fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. "Ọjọ́ tí ọmọ yìí tẹ awò tí mo fi ń jórin fọ́! Mo gbọ́wọ́ sókè, mo sì gbé ọwọ́ náà sílẹ̀. Mi ò fọwọ́ kàn án!"

Bilkis yọjú lẹ́yìn ìyá rẹ̀. "Na because Mama Amadi dey look us for window. When she close am, you come back."

Lójú inú, Yísà rí fèrèsé aládùúgbò wọn yìí tó ń padé. Ó rántí pé òun dúró, òun ń retí kó padé.

"Wàsílátù," ni bàbá bèèrè, "ṣé wàá bá a lọ?"

Yísà ló dáhùn. "Bàbá… ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ lé mi."

Ó jáde. Ó gbọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà kò dín: òun àti Yísà tí wọ́n ń sá fún ló jọ ń lọ sílé.